Iṣẹ́ Oṣù, Àpò Olówó àti Gbèdéke Owó: Bí Àwọn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Yorùbá Ṣe Kó Agbábọ́ọ̀lù Jọ láti 1945

1. Ìfáàrà

Ìtàn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìtàn ife-ẹ̀yẹ àti ìtàn àwọn akọni orí pápá. A mọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, a sì mọ ọdún tí ó gbá a. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí pápá bá dá, láàrin ìparí sáà kan àti ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ta ni ẹgbẹ́ yóò gbà wọlé? Ta ni yóò jẹ́ kí ó lọ? Èló ni yóò san? Láti inú àpò ta ni owó náà yóò ti jáde? Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò, pàápàá èyí tí ó gbẹ̀yìn, nítorí pé òun ni ó máa ń pinnu ìdáhùn sí mẹ́ta ìṣáájú.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, òfin tí a kọ sílẹ̀ ni ó dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ líìgì NFL, àwọn tí ń gbá irú bọ́ọ̀lù tí a ń gbé mọ́ àyà sáré, bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ti yunifásítì bọ̀ láàrin ara wọn ní 1936. Bert Bell, tí ó ni ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles, ni ó dá ìmọ̀ràn náà. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe ẹ̀yìn jù lọ ní sáà tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ yan ẹni tí ó wù ú, èyí tí ó sì borí yóò yàn kẹ́yìn, kí agbára má baà máa dúró sí ojú kan. Ní 1994, líìgì náà tún fi gbèdéke sí iye owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ láàrin ọdún kan, $34.6 mílíọ̀nù ni gbèdéke ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, gbèdéke ti wà ṣáájú èyí. Láti 1901 ni líìgì wọn ti pàṣẹ pé owó ọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kankan kò gbọ́dọ̀ ju £4 lọ. Iye náà gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di £20, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó jà títí wọ́n fi fòpin sí i ní 1961.

Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ó rọrùn láti rò pé àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá kàn ń ṣe bí ó ti wù wọ́n ni. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Gbèdéke wà, ṣùgbọ́n a kò kọ ọ́ sínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, inú ìwé iṣẹ́ ni ó wà, nítorí pé ipò iṣẹ́ tí a fún agbábọ́ọ̀lù ni owó oṣù rẹ̀. Ní ìgbà kejì, àpò ẹnì kan ni gbèdéke, ibi tí àpò náà bá sì dé ni ẹgbẹ́ dé. Nígbà tí gbèdéke kejì yìí rọ́pò èkínní, àwọn ẹgbẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ púpọ̀, ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù pàdánù ohun kan tí kò rí rà padà. Ohun náà ni iṣẹ́ tí ń dúró de ni lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀.

2. Iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó oṣù

Ìdíje ife-ẹ̀yẹ gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1945, ẹgbẹ́ Marine ti Èkó ni ó sì kọ́kọ́ gbà á. Bí a bá wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ Èkó tí wọ́n gba ife náà ní ogún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, bí ẹni ń ka orúkọ ilé-iṣẹ́ ni yóò rí. Railway gbà á léraléra. PAN Bank gbà á ní 1952. Àwọn ọlọ́pàá gbà á ní 1962. ECN, tí ó ń pèsè iná mànàmáná, gbà á ní 1960, 1965 àti 1970. Nígbà tí a sọ ilé-iṣẹ́ náà di NEPA ní 1972, ẹgbẹ́ náà tẹ̀ lé e di NEPA. Àwòrán ètò ọrọ̀-ajé ìjọba amúnisìn ni orúkọ wọ̀nyí: ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ojú irin, iná, báńkì.

Ètò náà kò ṣòro láti yé ni. Agbábọ́ọ̀lù jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Bí ọ̀gá kan bá rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù, kì í ṣe àpò owó ni yóò gbé síwájú rẹ̀ bí kò ṣe iṣẹ́. Iye tí iṣẹ́ náà ń gbà ni ọmọ náà yóò máa gbà, nítorí pé àkọsílẹ̀ owó oṣù ilé-iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ohun tí ọ̀gá lè dìde ní ọjọ́ kan kí ó yí padà nítorí góòlù. Ibi tí gbèdéke àkọ́kọ́ wà nìyí. Ó mú kí ìyàtọ̀ láàrin owó gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù àti ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má pọ̀ jù. Ó tún mú kí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ gba agbábọ́ọ̀lù mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ní láti wá iṣẹ́ tí ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún un. Àkókò tí pápá dá ni àkókò wíwá iṣẹ́.

Ìgbésí ayé Teslim Balogun, tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré ní Sùúrùlérè, fi èyí hàn. A bí i ní Èkó ní 1927. Lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún nílé ni ti Marine, ti Railway àti ti PAN Bank. Ó wà lára àwọn tí wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù káàkiri Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, ní 1955 ó padà lọ síbẹ̀ sí Peterborough United, ó sì wọ Queens Park Rangers ní 1956. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé ìrìn-àjò yìí kò mú un bọ́ lọ́wọ́ gbèdéke. Gbèdéke líìgì Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nígbà tí ó dé ibẹ̀. Láti abẹ́ gbèdéke tí ipò iṣẹ́ ń fi lélẹ̀ ni ó ti kúrò bọ́ sí abẹ́ èyí tí òfin líìgì fi lélẹ̀.

Ṣé ètò yìí dára fún agbábọ́ọ̀lù? Kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ẹni tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń sanwó wò lọ́jọ́ Sátidé yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ètò náà ní ìbùkún tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́, iṣẹ́ kò ṣẹ́. Bí ọjọ́ orí bá dé, ẹni tí ó ti fi ìdí múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lè ṣe é títí di ìgbà ìfẹ̀yìntì. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù ife-ẹ̀yẹ, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń rìn. Owó agbábọ́ọ̀lù kò so mọ́ bọ́ọ̀lù nìkan. Ó so mọ́ ohun tí yóò wà bí bọ́ọ̀lù kò bá tilẹ̀ sí.

3. Owó kòkó àti ẹgbẹ́ ìjọba Ìbàdàn

Ní Ìbàdàn, orísun owó yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni. Ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Shooting Stars lónìí bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ WNDC, àjọ ìdàgbàsókè ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí owó kòkó jẹ́ òpó pàtàkì fún un. Orúkọ WNDC ni ẹgbẹ́ náà fi gba ife-ẹ̀yẹ Nàìjíríà ní 1971. Nígbà tí ó bọ́ sábẹ́ àjọ ìdókòwò àti ìyánilówó ìjọba, ó di IICC Shooting Stars. Ní 1976, ó gba líìgì Nàìjíríà, ó sì tún gba ife àwọn agba-ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tí ó fi góòlù 4 sí 2 borí Tonnerre ti Yaoundé ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì. Òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ kan tí ó kárí Áfíríkà.

Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà kì í ṣe àwọn tí a fi owó ńlá rà láti òkèèrè. Muda Lawal jẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Segun Odegbami kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, Shooting Stars ni ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù títí ó fi fi orí pápá sílẹ̀ ní 1984. Best Ogedegbe ń ṣọ́ ilé. Ìjọba ni ó ni àjọ, àjọ ni ó ni ẹgbẹ́, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ibi tí owó ti ń wá kò lè tán ní ọjọ́ kan. Agbára láti kó agbábọ́ọ̀lù jọ wá láti inú ìdánilójú yìí. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń rò ó bóyá kí òun fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ní ohun tí ó lè fẹ̀yìn tì.

A kò gbọ́dọ̀ fi ètò yìí ṣe àpọ́nlé kọjá bí ó ti yẹ. Ẹgbẹ́ tí ìjọba ni, ìjọba ni ó lè tò ó, òun náà ni ó sì lè tú u. Ọ̀gá tí ó bá wọlé lè má fẹ́ ohun tí ẹni ìṣáájú fẹ́. Síbẹ̀, Shooting Stars gba líìgì ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Ó dé àṣekágbá ìdíje àwọn olúborí líìgì ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984, níbi tí Zamalek ti Íjíbítì ti borí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ yí padà lọ́pọ̀ ìgbà ni, ṣùgbọ́n kò kú, nítorí pé orísun rẹ̀ kò so mọ́ ẹ̀mí ẹnì kan.

4. Àpò olówó

Ọ̀nà kejì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò. Israel Adebajo, tí ń ta ìwé àti ohun èlò ìkọ̀wé ní Èkó, dá Stationery Stores sílẹ̀ ní 1958. Ẹgbẹ́ yìí gba ife-ẹ̀yẹ Nàìjíríà ní 1967 àti 1968. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Nàìjíríà kó lọ sí Òlíḿpíìkì Mẹ́síkò ní 1968, níbi tí wọ́n ti gbá ọ̀mì 3 sí 3 pẹ̀lú Brazil, ni ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn ará Èkó ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù wọ̀nyí ní Adebajo Babes. Oyè yìí ṣe pàtàkì fún onítàn. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn agbábọ́ọ̀lù Railway ní ọmọ ọ̀gá kankan. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, agbábọ́ọ̀lù ti di ọmọ, olówó ti di bàbá. Ohun tí bàbá bá fún ọmọ, ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn kì í sì í ṣe gbèsè tí a lè pe ènìyàn lẹ́jọ́ lé lórí.

Adebajo kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà kò kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó gba ife-ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀kan sí i ní 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992. Haruna Ilerika, tí ó ti ilé-ẹ̀kọ́ Zumratul Islamiyya bọ́ sínú rẹ̀, àti Peter Rufai tí ń ṣọ́ ilé, jẹ́ ẹ̀rí pé ojú ẹgbẹ́ náà ṣì là sí ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ṣùgbọ́n ìjà lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ kò jẹ́ kí ó rójú. Kò pẹ́ lẹ́yìn líìgì 1992 tí ó fi já, tí orúkọ rẹ̀ sì di ohun ìrántí fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Bí igi bá wó, ẹyẹ a fò lọ.

Àwọn ọdún 1980 ni àpò olówó dé góńgó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Leventis gbé ẹgbẹ́ Leventis United kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní Abẹ́òkúta, Moshood Abiola ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì pe àwọn náà ní Abiola Babes. Láàrin ọdún mẹ́rin, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó fọwọ́ kan ife-ẹ̀yẹ Nàìjíríà. Leventis gbà á ní 1984, Abiola Babes ní 1985, Leventis ní 1986, Abiola Babes ní 1987. Leventis dé àṣekágbá ìdíje àwọn agba-ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1985, Al Ahly ti Íjíbítì ni ó sì borí rẹ̀. Ní 1986 ó gba líìgì mọ́ ife. Ní 1987, ilé-iṣẹ́ náà tú ẹgbẹ́ ká. Abiola Babes náà kò sí mọ́ lónìí.

Bí a bá fi ojú ife-ẹ̀yẹ wò ó, kò sí ọ̀nà tí ó yá ju èyí lọ. Olówó kò ní láti dúró de àyè iṣẹ́ kí ó tó gba ènìyàn. Bí pápá bá dá, ó lè ránṣẹ́ pe ẹni tí ó bá wù ú, kí sáà tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyára yìí ní iye tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a kó jọ kíákíá, kíákíá náà ni a lè tú u ká. Bí Railway bá pàdánù, àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ Railway. Nígbà tí ẹgbẹ́ tí àpò kan gbé ró bá túká, ẹni tí owó rẹ̀ kò ti ibòmíràn wá gbọ́dọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ìtàn Rashidi Yekini kó gbogbo ètò wọ̀nyí pọ̀ sínú ìgbésí ayé ẹnì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, ní ẹgbẹ́ UNTL, ilé-iṣẹ́ tí ń hun aṣọ: ètò iṣẹ́ oṣù nìyẹn. Ní 1982 ó wá sí Shooting Stars: ètò ìjọba. Ní 1984 ó bọ́ sí Abiola Babes: ètò àpò olówó. Ní 1987 ó lọ sí Africa Sports ní Abidjan, ó sì dé Vitória Setúbal ní Pọtogí ní 1990. Láàrin ọdún mẹ́wàá, ó gun gbogbo ìpele àkàbà náà láìfo ọ̀kan. Òun ni a dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ ní Áfíríkà ní 1993, òun ni ó sì gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú ìdíje ife àgbáyé ní 1994. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń gun àkàbà náà ni àkàbà ń wó lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀ lé e kò bá gbogbo ìpele rẹ̀ mọ́.

5. Náírà àti òfin 1990

Kí ni ó fà á tí àpò olówó ilé kò fi tó mọ́? Ètò ọrọ̀-ajé ni ó fà á jù. Ní 1985, náírà kan ṣì tó dọ́là kan. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé kalẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà tó. Nígbà tí ó fi di 1987, ó tó náírà mẹ́rin kí a tó rí dọ́là kan. Kò sí olówó Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn tí ó lè bá ẹgbẹ́ òkèèrè du agbábọ́ọ̀lù nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀. Iye kékeré ní Belgium ti di iye ńlá nílé.

Ọ̀nà sì ti ṣí. Stephen Keshi ti gba Côte d'Ivoire kọjá lọ sí Lokeren ní 1986. Peter Rufai kúrò ní Stationery Stores ní 1985, ó gba Femo Scorpions kọjá lọ sí Dragons de l'Ouémé ní Porto-Novo, ó sì dé Lokeren ní 1987. Lẹ́yìn wọn ni Sunday Oliseh ti Julius Berger lọ sí Liège ní 1990. Láti ìgbà yìí ni ìtumọ̀ àkókò tí pápá dá ti yí padà fún àwọn ẹgbẹ́ ilé. Tẹ́lẹ̀, àkókò gbígbà ni. Ó wá di àkókò pípàdánù. Ẹgbẹ́ tí ó bá gbọ́n kò béèrè ẹni tí yóò rà mọ́. Ó ń béèrè ẹni tí yóò tà, àti ẹni tí ó ti múra sílẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀.

Julius Berger, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń la ọ̀nà tí ó sì ń kọ́ afárá, ni ó mọ ọgbọ́n yìí lò ju ọ̀pọ̀ lọ ní Èkó. Oliseh, Emmanuel Amuneke, Taribo West àti Yakubu Aiyegbeni ni wọ́n gba ibẹ̀ kọjá sí òkèèrè. Síbẹ̀, ó gba líìgì ní 1991 àti 2000. A lè sọ pé Julius Berger dúró ní agbedeméjì ètò méjèèjì. Ó ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn bí Railway ti ní in, ó sì mọ̀ pé ọjà ti di ti àgbáyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níkẹyìn, ẹgbẹ́ náà pàdánù orúkọ rẹ̀.

Ní 1990, a sọ líìgì Nàìjíríà di ti àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ jẹun. Ẹgbẹ́ 16 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ aládàáni lábẹ́ òfin. Èrò tí ó wà lẹ́yìn òfin yìí dára: kí ẹgbẹ́ máa fi owó bọ́ọ̀lù bọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà ṣe ní ti gidi ni pé ó já okùn tí ó so agbábọ́ọ̀lù mọ́ iṣẹ́ mìíràn, láìtíì sí okùn tuntun tí ó lágbára tó o. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣì jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, àjọ LMC, tí ó ń darí líìgì láti 2012 títí di 2022, pàṣẹ pé owó oṣù agbábọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦150,000.

Ìyàtọ̀ kan wà níbí tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́. Amẹ́ríkà fi òfin sí òkè: ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ná ju báyìí lọ. Nàìjíríà fi òfin sí ìsàlẹ̀: ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ san kéré ju báyìí lọ. Òfin òkè ń bẹ̀rù olówó tí yóò ná jù. Òfin ìsàlẹ̀ ń bẹ̀rù ẹni tí kò ní san. Òfin kọ̀ọ̀kan jẹ́wọ́ àìsàn tí ó fẹ́ wò. Ṣùgbọ́n òfin ìsàlẹ̀ nìkan kò lè wo àìsàn wa sàn, nítorí pé iye tí a kọ sínú ìwé kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro náà ni bóyá owó náà yóò dé nígbà tí oṣù bá parí, ìròyìn gbèsè owó oṣù kò sì tíì kúrò nínú líìgì wa.

6. Ọ̀rọ̀ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò

Ipa tí ìyípadà yìí ní lórí àwọn ènìyàn hàn dáadáa bí a bá wo apá ìwọ̀-oòrùn Èkó, ní ojú ọ̀nà Badagry. Nígbà tí Marine àti Railway ń gba ife-ẹ̀yẹ, ìletò Àwórì ni Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, ibi iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹja pípa. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń fi iṣẹ́ gba agbábọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀. Ẹ̀búté Mẹ́ta ni Railway wà, Apápá ni Marine, Sùúrùlérè sì ni ilé Stationery Stores. Ọmọ Ọ̀jọ́ tí ó bá fẹ́ jẹ àǹfààní ètò iṣẹ́ oṣù ní láti kọ́kọ́ di ará àárín ìlú.

Àwọn ọdún tí ó kún agbègbè yìí dé lẹ́yìn náà. FESTAC àti gbàgede Trade Fair dé ní 1977. Ìjọba Jakande, láàrin 1979 àti 1983, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìbà, ó sì dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1983. Ọjà Alábà fa àwọn oníṣòwò wá láti gbogbo orílẹ̀-èdè. Agbègbè tí ó kún fún ọ̀dọ́ ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi déètì wọ̀nyí wé ti apá ìṣáájú. Ọmọ tí a bí sí Ìbà ní 1980 pé ọmọ ọdún méje nígbà tí Leventis túká, ó pé mẹ́wàá nígbà tí òfin 1990 dé. Nígbà tí ó fi tó ẹni tí ẹgbẹ́ ń gbà, ètò iṣẹ́ oṣù ti lọ, àpò olówó ti fà sẹ́yìn, ohun tí ó kù ni ojú ọ̀nà òkèèrè. Ọ̀nà Badagry tí ó gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lọ sí Sẹ̀mẹ̀ náà ni ọ̀nà Porto-Novo, ìlú tí Rufai, ọmọ aládé Ìdímù tí kò jìnnà sí Ìbà, gbà dé Belgium.

Bàbá ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ka bọ́ọ̀lù sí ọ̀nà láti rí iṣẹ́. Ọmọ náà ní láti kà á sí ọ̀nà láti kúrò nílé. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí, nítorí pé ẹni mẹ́wàá lè rí iṣẹ́ ní Railway, ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lè má dé Lokeren. Àwọn tí kò dé ibẹ̀ ni ìtàn bọ́ọ̀lù kì í sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Láìpẹ́ yìí, àpò aládàáni ti tún ń padà. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí Kunle Soname ni, gba líìgì ní sáà 2024/25. Ní Èkó, Sporting Lagos tí a dá sílẹ̀ ní 2022 dé líìgì gíga ní 2023, ó sì já ní 2024. Ohun tí ó ya Remo Stars sọ́tọ̀ sí àwọn ará 1984 ni pé ó ní ilé ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀, tí ń tọ́ ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù dàgbà fún ẹgbẹ́ àti fún títà. Bí pápá bá dá, kò di dandan kí ó máa lọ ra gbogbo ohun tí ó nílò. Bóyá èyí yóò pẹ́ ju ẹni tí ó dá a sílẹ̀ lọ ni ìbéèrè tí ìtàn Adebajo ti kọ́ wa láti béèrè.

7. Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn. Èkínní ni pé àìsí òfin gbèdéke kò túmọ̀ sí àìsí gbèdéke. Ipò iṣẹ́ ni ó fi í lélẹ̀ láti 1945 títí di àwọn ọdún 1970, àpò olówó ni ó fi í lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, iye náírà ní ọjà àgbáyé sì ni ó ń fi í lélẹ̀ láti ìgbà náà. Èkejì ni pé ọgbọ́n ìkó-agbábọ́ọ̀lù-jọ ẹgbẹ́ kan kò ṣeé yà kúrò lára orísun owó rẹ̀. Shooting Stars àti Leventis wà ní ìlú kan náà, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì kan náà. Ọ̀kan kò gba ìdajì ohun tí èkejì gbà láàrin 1984 àti 1986, síbẹ̀ òun ni ó ṣì wà. Ẹ̀kẹta ni pé a ti sábà máa ń ka ètò ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ sí ohun àtijọ́ tí ó yẹ kí ó kọjá lọ. Ó kọjá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbé ààbò agbábọ́ọ̀lù lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, a kò sì tíì fi ohunkóhun dípò rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Bí a bá tún ń kọ ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù èyíkéyìí, ó yẹ kí a kọ orúkọ ẹni tí ń sanwó sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí ń gbá góòlù, kí a sì tún béèrè ibi tí agbábọ́ọ̀lù yóò ti máa jẹun ní ọjọ́ tí ẹni tí ń sanwó bá dákẹ́.